Ilà Ojú Ìràwọ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Ń Kà Á

Yàrá kan wà lórí òkè La Silla, ní etí aṣálẹ̀ Atacama ní ilẹ̀ Chile, tí ènìyàn kì í ṣàdédé ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé òrìṣà ń gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n kó wúrà pamọ́ síbẹ̀. Ohun tí àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ń sá fún ni ooru ara ọmọ ènìyàn. Àgbá irin ńlá kan ni ó wà nínú yàrá náà, tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ó fi kù díẹ̀ kí ó di òfìfo pátápátá, inú àgbá yìí sì ni HARPS wà, ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ìlú Geneva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003. Awò ńlá tí ń wo ojú ọ̀run, èyí tí a ń pè ní tẹ́lísíkóòpù, wà lókè nínú òtútù òru, dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.6, ṣùgbọ́n òun àti HARPS kì í fojú kan ara wọn. Okùn gíláàsì tín-ín-rín ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún ọba tí kì í jáde síta.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní spectrograph. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ atú-ìmọ́lẹ̀, nítorí pé títú ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá tú okùn aláwọ̀ pípọ̀ tí a lọ́ mọ́ra, títí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yóò fi dá dúró. Bí òǹkàwé bá wá rò pé títú yìí gan-an ni ó le jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ṣe àṣìṣe tí èmi pẹ̀lú ti ṣe rí. Títú ìmọ́lẹ̀ kò le. Òjò tí ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn a máa ṣe é, a sì máa ta òṣùmàrè sójú sánmọ̀ fún olówó àti tálákà wò láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ó le ni kí ẹ̀rọ tí ó tú u dúró jẹ́ẹ́, kí ó má gbóná, kí ó má tutù, kí ó má mì, láti ọdún dé ọdún, kí ohun tí ó bá sọ lónìí lè bá ohun tí ó sọ ní èṣí mu.

Kí ni a tilẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ títú ṣe? Ẹ jẹ́ kí á rántí ilà ojú. Nígbà tí ọwọ́ àwọn olóólà ṣì dí káàkiri ilẹ̀ wa, bí àjèjì bá yọ sí ọjà, kì yóò tíì la ẹnu tí àgbà tí ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán yóò ti mọ ilé tí ó ti wá: abàjà ti jíṣẹ́ tirẹ̀, pélé ti jíṣẹ́ tirẹ̀, gọ̀ǹbọ́ kò sì ní í jẹ́ kí olúwarẹ̀ purọ́. Ìràwọ̀ náà kọlà. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ọba ọ̀sán, tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti orí àwọ̀ èsè àlùkò títí dé orí pupa, a ó rí i pé aṣọ náà kò pé délẹ̀. Àwọn ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n là á kọjá níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí kì í kúrò ní ipò wọn lónìí, tí kò sì kúrò lánàá.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Wollaston, ti rí díẹ̀ nínú ilà wọ̀nyí ní ọdún 1802, ṣùgbọ́n ó rò pé ààlà tí ó pín àwọ̀ kan sí òmíràn ni wọ́n, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fara balẹ̀ kà wọ́n ni Joseph Fraunhofer, ọmọ onígíláàsì ìlú Straubing ní Bavaria, ọmọ òrukàn tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ dígí ní Munich láti kékeré. Ní ọdún 1801, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ilé tí ó ń gbé wó lé e lórí. Wọ́n wú u jáde láàyè nínú àlàpà, Maximilian tí ó ń jọba ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó fún ọmọ náà lówó, ọmọ náà kò sì ra aṣọ, kò ra bàtà, ìwé àti irinṣẹ́ ni ó fi rà. Ẹni tí ilé wó lù yìí ni ó wá di ọ̀gá àwọn tí ń yọ́ gíláàsì ní gbogbo Yúróòpù. Ní ọdún 1814 ó gbé gíláàsì onígun mẹ́ta síwájú awò kékeré kan, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ojú àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, ó sì ka ilà dúdú 574, ó fi lẹ́tà A, B, C, D dárúkọ àwọn tí ó hàn ketekete jùlọ nínú wọn. Kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ní ọdún 1826 ni ó kú, ẹni ọdún 39, láìmọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé aráyé ní Heidelberg ní ọdún 1859, nígbà tí Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen ń sun oríṣiríṣi èròjà nínú iná. Obìnrin tí ó bá ń fi gáàsì dáná yóò ti rí díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rí: bí ọbẹ̀ oníyọ̀ bá ru dà sórí iná búlúù náà, ojú iná yóò yípadà lójijì, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin. Èròjà sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀ ni ó ń fi ara rẹ̀ hàn. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ́n bí ẹyin yìí, ilà méjì tí ó fara kanra ni a ó bá níbẹ̀, ibi tí wọ́n sì wà gan-an ni Fraunhofer ti kọ D sí lójú oòrùn. Irin ní ilà tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Kálísíọ̀mù ní tirẹ̀. Háídrójìn ní tirẹ̀. Ní ọdún 1868, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, wọ́n rí ilà kan tí kò sí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé. Norman Lockyer gbà pé èròjà tuntun ni, wọ́n sì fi orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì sọ ọ́ ní hílíọ̀mù. Ó di ọdún 1895 kí William Ramsay tó bá a pàdé nínú òkúta kan nílé ayé wa níbí. Àjèjì tí a ti mọ ilà ojú rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ó tó yọ lẹ́nu ọ̀nà!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ atú-ìmọ́lẹ̀ tuntun yóò dáhùn náà nìyẹn: báwo ni ìfun tí ó fẹ́ rí ti tín-ín-rín tó? Láti ya ilà méjì ti sódíọ̀mù sọ́tọ̀, kí ojú má sọ wọ́n di ẹyọ kan, agbára ẹgbẹ̀rún kan tó, èyíinì ni pé bí a bá pín gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ náà yóò mọ ìyàtọ̀ ọ̀nà kan. Agbára HARPS jẹ́ 115,000. Ti ESPRESSO, àbúrò rẹ̀ tí ó wà lórí òkè Paranal ní ilẹ̀ Chile kan náà, tí ó rí ìràwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2017, tó 140,000. Ṣùgbọ́n agbára kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ wá kò pọ̀. Bí a bá ti ń tẹ́ ẹ gbòòrò sí i ni ó ń ṣá sí i, bí epo ṣíbí kan tí a fẹ́ fi ta ọbẹ̀ ogún ènìyàn. Nítorí náà ni ayàwòrán-ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ahun ti ń ṣọ́ owó, nítorí gbogbo dígí tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà lára rẹ̀ ni í yọ owó ibodè tirẹ̀.

Ọkàn ẹ̀rọ náà ni ohun tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀. Ìgbà Newton ni a ti ń fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbára gíláàsì yìí kì í pẹ́ tán. Ohun tí a ń lò báyìí ni dígí onílà. Ẹni tí kò bá rí dígí onílà rí, kí ó wá àwo CD àtijọ́ kan, kí ó gbé e sọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọ̀ òṣùmàrè tí yóò máa sá kiri lójú rẹ̀ wá láti ara àwọn ilà tí a fín sí i, bí i 625 nínú mìlímítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kọlu ilà kọ̀ọ̀kan a máa ta padà. Ìgbì tí ó ti ara ilà yìí wá a bá ìgbì tí ó ti ara ilà kejì wá pàdé. Níbi tí wọ́n bá ti bára mu, àwọ̀ a tàn, níbi tí wọ́n bá ti lòdì síra wọn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Níwọ̀n bí ìgbì pupa ti gùn ju ìgbì búlúù lọ, ibi tí tọ̀hún ti ń bára mu kò lè jẹ́ ibi kan náà pẹ̀lú tèyí, ni oníkálukú bá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni ni yóò rò pé bí ilà bá ti pọ̀ tó nínú mìlímítà kan ni agbára dígí náà yóò ti pọ̀ tó. Ẹ gbọ́ ìyanu: ilà 31.6 péré ni ó wà nínú mìlímítà kan lára dígí onílà ti HARPS, àwo orin tí ọmọdé fi ń ṣeré sì ní ìlọ́po ogún rẹ̀. Échelle ni wọ́n ń pe irú dígí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Faransé tí ó túmọ̀ sí àkàbà, nítorí pé bí àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe fín in. Gígùn rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 84, a sì dá a dúró gan-an-ran débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kọlu ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó sì padà, ìrìn tí ó rìn ju ti èyí tí ó kọlu òkè rẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀ ó lé. Ọ̀pá tí a fi ń wọn ìgbì tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni mítà kan àbọ̀ yẹn. Ìyẹn ni pé inú ìyàtọ̀ ìrìn láàárín orí dígí àti ẹsẹ̀ dígí ni agbára ń gbé; bí ìyàtọ̀ náà bá ṣe gùn tó ni ojú ẹ̀rọ yóò ṣe mú tó.

Ṣùgbọ́n àkàbà yìí ní wàhálà tirẹ̀. Kì í tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. A máa tú u ní ìpele ìpele, ìpele kan á sì gun orí èkejì, tí búlúù ti ìpele yìí yóò jókòó sórí ewé ti ìpele tọ̀hún, tí ojú kò sì ní í mọ ẹni tí ó ni ìjókòó. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dà bí ọgbọ́n ahunṣọ ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Ahunṣọ kì í hun aṣọ òfì ní fífẹ̀; aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ ni í hun, tí yóò gé sí wẹ́wẹ́, tí yóò wá to ìkan tẹ̀ lé ìkan, kí ó tó rán wọn pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fi dígí tàbí gíláàsì kejì sí iwájú échelle, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa ti ìpele kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bá fi máa dé orí àwo tí ń gbà á sílẹ̀, tí irú rẹ̀ kékeré wà lójú kámẹ́rà fóònù wa, aṣọ òfì ni ó tẹ́ síbẹ̀: ìpele 72 ní HARPS, wọ́n tò léra wọn láti 378 nánómítà lọ́wọ́ búlúù dé 691 lọ́wọ́ pupa, olúkúlùkù sì kún fún ilà dúdú. Mo ti rí àwòrán rẹ̀, n kò sì rò pé alárí tí ó dára jùlọ lè fi ìtò hàn án léèmọ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń ya àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lẹ́nu. Wọ́n á ní, bí awò bá tóbi sí i, ṣebí iṣẹ́ ẹ̀rọ yóò rọrùn sí i? Rárá o. Afẹ́fẹ́ ilé ayé tí ń gbọ̀n láàárín àwa àti ìràwọ̀ a máa wú ìràwọ̀ náà, débi pé kì í wá bí ẹ̀kán mọ́, ó ti di àbàwọ́n. Bí awò bá ti ń tóbi sí i ni àbàwọ́n yìí ń tóbi sí i lẹ́nu àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Bí a bá sọ àlàfo náà di tẹ́ẹ́rẹ́ kí ilà lè mú, ìmọ́lẹ̀ tí a forí ti òtútù òkè kó jọ yóò ṣòfò sẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá sì ṣí i gbàgà, ilà á fẹ̀, wọn á wọ inú ara wọn. Ohun tí ó kù ni kí a mú dígí onílà gùn sí i, kí gbogbo dígí yòókù sì dàgbà tẹ̀ lé e, tí owó náà á sì dàgbà tẹ̀ lé wọn. Nítorí èyí ni àwọn ayàwòrán-ẹ̀rọ fi kọ́ bí a ṣe ń gé àbàwọ́n ìràwọ̀ náà sí awẹ́ awẹ́, bí ẹni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dòdò, tí wọ́n á sì to awẹ́ náà léra lóòró, kí ó lè gba ojú àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láìjẹ́ pé ẹyọ kan ṣubú sílẹ̀.

Nísinsìnyí a padà sí ọ̀rọ̀ dídúró jẹ́ẹ́, nítorí ibẹ̀ ni oorun kò ti sí lójú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ. Ohùn fèrè ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀ wá bá wa a máa ròkè, bí ó bá sì ti kọjá lára wa, ohùn náà á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ilà rẹ̀ yóò sún díẹ̀ sápá búlúù. Bí ó bá ń lọ, wọn á sún sápá pupa. A kì í sì í rìn kí orí má mì: ìràwọ̀ tí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń yí ká kò lè dúró gbọnyin, nítorí bí ó ti ń fa pílánẹ́ẹ̀tì náà ni pílánẹ́ẹ̀tì ń fa òun pẹ̀lú, tí orí rẹ̀ á sì máa mì síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ atú-ìmọ́lẹ̀ kan tí ń jẹ́ ELODIE, ní ibi ìwòràwọ̀ Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé, ni Michel Mayor àti Didier Queloz fi rí irú mímì bẹ́ẹ̀ lára ìràwọ̀ 51 Pegasi ní ọdún 1995: ìràwọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí i mítà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀ sì ni ó fi ń parí ìyípo kan. Pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ń yí ìràwọ̀ tí ó dà bí oòrùn wa ká nìyẹn, àwọn méjèèjì sì gba Ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 2019.

Mítà 60 pọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Júpítà, àgbà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ń mú oòrùn mì ní mítà 12 àbọ̀; ilé ayé tí àwa ń gbé, sẹ̀ǹtímítà 9 péré ni agbára rẹ̀ mọ, èyí tí Alábahun Àjàpá alára lè rìn láìsáré. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí mítà kan ṣoṣo túmọ̀ sí nínú HARPS: bí ìràwọ̀ bá fi mítà kan yára sí i, ilà rẹ̀ yóò sún lórí àwo agbàmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n nánómítà 15. Irun orí kan nípọn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí irin tí ó gbé dígí dúró bá gbóná ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì, tí ó sì fẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, ilà yóò sún tó bẹ́ẹ̀, àwa yóò sì máa pariwo pé a ti rí pílánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ooru ni ó ń tàn wá jẹ. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò ṣé fọkàn tán, nítorí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń gùn, ó ń kúrú, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń ki tàbí tí ó ń ṣán. Ìdí tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nìyẹn, ìdí tí a fi fi yàrá sínú yàrá nìyẹn, bí ìṣáàsùn inú apẹ̀, tí a sì ń ṣọ́ ooru ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọn kò fi ohunkóhun tí ń yí tàbí tí ń rìn sínú àgbá náà. Ara gíláàsì tí ooru kì í mú fẹ̀, Zerodur tí wọ́n ń yọ́ ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n tẹ dígí onílà náà sí.

Okùn gíláàsì tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ náà ní iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ni pé ó jẹ́ kí ẹ̀rọ lè jókòó sísàlẹ̀ ní jẹ́ẹ́ nígbà tí awò ń yí tẹ̀ lé ìràwọ̀. Èkejì ni pé ó ń po ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Bí awò bá ṣi ìràwọ̀ wò díẹ̀ sápá òsì, ìmọ́lẹ̀ yóò ti apá òsì wọ okùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti fara kọ ògiri okùn náà lọ́nà àìmọye, kò ní í rántí apá tí ó gbà wọlé mọ́. Okùn roboto kì í sì í po ìmọ́lẹ̀ tán pátápátá. Okùn onígun mẹ́jọ ń ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọdún 2015 ni wọ́n sì fi onígun mẹ́jọ rọ́pò èyí tí HARPS ń lò tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kò lè ṣe ẹ̀rí. Okùn méjì ni ó wọ inú HARPS: ìràwọ̀ ń gba ọ̀kan wọlé, ìmọ́lẹ̀ fìtílà kan tí thorium àti argon wà nínú rẹ̀ sì ń gba èkejì. Thorium ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilà tí a mọ ipò wọn, àwọn tirẹ̀ kì í sì í rìn lọ síbi kankan; bí ilà fìtílà bá sún, ẹ̀rọ ni ó sún, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ti ìràwọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, fìtílà yìí ti ń gba ẹnìkejì: ìmọ́lẹ̀ lésà kan tí ó pín ara rẹ̀ sí ilà tí àlàfo àárín wọn dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, tí wọ́n fi ń pè é ní òòyà, nítorí eyín òòyà ni ó jọ. Iṣẹ́ lórí òòyà yìí wà lára ohun tí Theodor Hänsch ará Jámánì fi gba Nobel ní ọdún 2005. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a tún ní láti yọ ìrìn tiwa kúrò, nítorí ilé ayé tí awò dúró lé lórí ń sáré yí oòrùn ká ní nǹkan bí kìlómítà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ilẹ̀ Áfríkà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ràn yìí. Ní Sutherland, ní ilẹ̀ gbígbẹ Karoo ní Gúúsù Áfríkà, ni SALT wà, awò tí dígí onígun mẹ́fà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún para pọ̀ di ojú rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005. Ẹ̀rọ atú-ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀ jùlọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é, ó sì dé Sutherland ní ọdún 2013. Inú àgbá òfìfo ni òun náà ń gbé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí a fi kun ojú dígí kí ó lè dá búlúù padà dáadáa kì í fẹ́ràn pupa, àwo agbàmọ́lẹ̀ tí ó mọ pupa jẹ a sì máa fi búlúù sílẹ̀. Inú mi a máa dùn bí mo bá rántí pé ìràwọ̀ tí àwọn darandaran ilẹ̀ náà fi ń mọ̀nà lóru ni ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́.

Sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn tí ó ṣe ESPRESSO fi ṣe àfojúsùn, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ilé ayé. Ibi tí wọ́n dé yìí ni ìṣòro tuntun ti pàdé wọn, kì í sì í ṣe lára ẹ̀rọ. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sinmi: ojú rẹ̀ ń hó bí ẹ̀kọ orí iná, àmì dúdú ń yọ lára rẹ̀ ó sì ń pòórá, gbogbo èyí sì ń sún ilà rẹ̀ ju bí pílánẹ́ẹ̀tì kékeré ti lè sún un lọ. Láti kọ́ bí a ṣe ń ya mímì orí sọ́tọ̀ kúrò lára híhó ojú, wọ́n gbé awò kékeré kan kalẹ̀ ní erékùṣù La Palma ní ọdún 2015, lẹ́nsì rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ránṣẹ́ sí HARPS-N, ìkejì HARPS tí ó wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí àwọn awòràwọ̀ bá ti lọ sùn, ẹ̀rọ tí ó ti ka ìràwọ̀ ní gbogbo òru á tún bẹ̀rẹ̀ sí ka ilà ojú oòrùn, gẹ́gẹ́ bí Fraunhofer ti ṣe, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, láti ọdún dé ọdún. Pílánẹ́ẹ̀tì Àgùàlà ni wọ́n ń wá níbẹ̀, èyí tí ń bá oṣù rìn tí àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ojú lásán ń rí i ní ìrọ̀lẹ́, a mọ ọ̀nà rẹ̀, a mọ wíwúwo rẹ̀, a sì mọ iye tí ó yẹ kí ó fi mú oòrùn mì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè fi ojú ilà nìkan rí i, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé Àgùàlà wà lójú ọ̀run.